Ẹ̀rù Abẹ Ń Bà Mí: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Iṣẹ́ Abẹ Ìyípadà Jẹ́ńdà

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn láti ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba. A ti yọ orúkọ kúrò. Ìlànà NHS, ìyẹn ọsibítù ìjọba ní Ìlú Ọba, la fi dáhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ètò ìwé àti owó yín yàtọ̀, àmọ́ ohun tó kan ara kò yàtọ̀.

Àbúrò màmá mi kò jí mọ́

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Trans ọkùnrin ni mí (obìnrin ni wọ́n kọ mí sí nígbà tí wọ́n bí mi), ọmọ ọdún 29. Wọ́n ti fún mi lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ àyà, èyí tí wọ́n fi ń yọ ọmú, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀, àmọ́ látọjọ́ tí lẹ́tà ti dé ni mi ò ti rí oorun sùn dáadáa. Àbúrò màmá mi kú sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ ní Abẹ́òkúta nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n ní oorun tí wọ́n kùn ún ni kò jí mọ́. Ṣé bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí yìí, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ ẹ mọ́ ni? — Ẹni Oorun Dá, Peckham*

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ló wúwo jù, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kéèyàn máa bẹ̀rù abẹ yàtọ̀ sí kéèyàn máa ṣiyèméjì. Ẹ bi ara yín léèrè: ká ní mo sùn lálẹ́ òní, tí mo jí láàárọ̀, tí wọ́n ti ṣe é tán, tí ọgbẹ́ ti jinná, ṣé inú mi á dùn? Bí ọkàn yín bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà ibẹ̀ ló ń bà yín lẹ́rù, ibi tẹ́ ẹ ń lọ kọ́. Ìyẹn ní ìtọ́jú. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àyà pẹrẹsẹ gan-an ni kò wù yín, tàbí pé ẹnì kan ló ń tì yín, ẹ ní kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Títí dìgbà tí oògùn oorun á fi wọra lẹ lè sọ pé ẹ ò ṣe mọ́, ì báà jẹ́ pé ẹ ti fọwọ́ síwèé.

Ní ti àbúrò màmá yín, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ẹbí, kẹ́ ẹ béèrè irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un, bóyá pàjáwìrì ni, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: ṣé ẹ̀jẹ̀ ló dà ni, ṣé ara rẹ̀ ló gbóná lójijì, àbí kò lè dá mí mọ́? Ẹ kàn lè sọ pé dókítà ló ń béèrè nípa ìlera ẹbí yín, òótọ́ sì ni. Àìsàn àjogúnbá méjì wà tó jẹ́ pé oògùn oorun ló máa ń tú wọn fó. Ọ̀kan ni malignant hyperthermia: ẹni tó ní in, bó bá fa irú àwọn afẹ́fẹ́ akunilóorun kan sínú tàbí tó gba oògùn tí wọ́n ń pè ní suxamethonium, iṣan rẹ̀ á le gbagidi, ara rẹ̀ á sì gbóná kọjá ààlà. Èkejì ni pé ara ẹlòmíì ò tètè fọ́ suxamethonium yìí, kò sì ní lè dá mí fún wákàtí mélòó kan, ẹ̀rọ ló máa bá a mí. Dókítà tó bá ti gbọ́ ṣáájú á yẹra fún àwọn oògùn wọ̀nyẹn, òmíì wà tó máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọsibítù St James's ní Leeds ni ibùdó àyẹ̀wò malignant hyperthermia fún Ìlú Ọba wà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó dà tàbí àìsàn tó ti wọra ló pa àbúrò màmá yín, kó má kan oògùn oorun rárá. Ẹ ṣáà béèrè, torí ìdáhùn kan tó dájú máa ṣe yín lóore ju àádọ́ta «fọkàn balẹ̀» lọ.

Iye tí àwọn dókítà akunilóorun ní Ìlú Ọba máa ń sọ fún aláìsàn rèé. Nínú 100,000 èèyàn tí ara wọn le, tí iṣẹ́ abẹ wọn kì í ṣe pàjáwìrì, nǹkan bí ẹnì kan ni oògùn oorun fúnra rẹ̀ ń pa. Kí ojú là láàárín iṣẹ́ abẹ, nǹkan bí ẹnì kan nínú 20,000. Kí ara kọ oògùn débi tí ẹ̀mí á fi wà nínú ewu, nǹkan bí ẹnì kan nínú 10,000, àwọn tó sì wà nídìí yín mọ ohun tí wọ́n á ṣe sí i. Ohun tó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí ni kí èébì máa gbé yín, kí ọ̀nà ọ̀fun máa dùn yín fún ọjọ́ kan sí méjì, kẹ́ ẹ sì máa gbọ̀n nígbà tẹ́ ẹ bá jí. Bí èébì bá máa ń gbé yín nínú ọkọ̀, ẹ sọ ọ́, wọ́n á fún yín ní oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn bì kẹ́ ẹ tó jí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ lẹ máa kọ́kọ́ ya ẹnu sọ̀rọ̀ ẹ̀rù yìí. Ọjọ́ àyẹ̀wò tó máa ń ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni ọjọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á gba ẹ̀jẹ̀ yín, á wọn ìfúnpá yín, á sì kọ gbogbo oògùn yín sílẹ̀. Testosterone, homonu ọkùnrin, a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ki, nítorí náà wọ́n á wo bó ṣe ki tó. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ pé, «Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, mo fẹ́ bá dókítà akunilóorun sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.» Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, àti bóyá orúkọ yín àti bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n máa pè yín ti wọnú ìwé bó ṣe yẹ, torí ohun tó wà nínú ìwé náà ni wọ́n ń tẹ̀ sórí okùn ọwọ́. Ẹnì kan tó pè yín lórúkọ tẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ) lè mú kí àyà já ju bí abẹ́rẹ́ ṣe lè mú un já lọ.

Bí ọjọ́ náà ṣe máa ń lọ nìyí. Oúnjẹ dópin ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, omi lásán ní wákàtí méjì ṣáájú, àyàfi bí ọsibítù yín bá sọ nǹkan míì. Oúnjẹ ni ògì, oúnjẹ ni Milo, oúnjẹ ni tíì tó ní mílíìkì. Àìjẹun yìí kì í ṣe ìyà: bí ohun tó wà nínú ikùn bá gòkè nígbà tẹ́ ẹ ti sùn, inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè wọ̀, ìyẹn sì léwu gan-an. Oníṣẹ́ abẹ á wá fi báírò fa ìlà sí àyà yín. Ní yàrá oorun, wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín, wọ́n á lẹ àwọn wáyà mọ́ àyà, wọ́n á fi nǹkan há yín níka kí wọ́n lè máa wo ọ́síjìn, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ máa mí sínú ìbòmú. Propofol, omi funfun kan tó ki díẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń fà sí ọwọ́ yẹn. Ó lè ta yín lápá fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, ẹ ti sùn. Láti ìgbà náà títí tẹ́ ẹ ó fi jí, ẹnì kan wà lórí yín tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa wo èémí, ìlùkìkì ọkàn àti ìfúnpá yín. Kì í ṣe òun ló mú abẹ lọ́wọ́, kò sì ní tìtorí pé iṣẹ́ ń yá kó jáde. Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, gbogbo wọn á dúró, wọ́n á ka orúkọ yín, irú iṣẹ́ abẹ náà, àti oògùn tí ara yín kì í gbà. Látọdún 2008 tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti gbé ètò yìí jáde ni ó ti tàn káàkiri àgbáyé.

Iṣẹ́ abẹ àyà gba nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́rin. Bí àyà bá tóbi, wọ́n á la ìsàlẹ̀ ọmú méjèèjì, wọ́n á yọ ẹran inú rẹ̀, wọ́n á gé orí ọmú kúrò kí wọ́n tó tún un lẹ̀ mọ́ ibi tuntun. Ohun tó máa ń bàjẹ́ jù ní wákàtí 24 sí 48 àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ̀jẹ̀ kóra jọ sábẹ́ awọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo á wú, á le, á sì máa dùn kọjá ti ìkejì. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ké sí wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n lè dá yín padà sí tíátà láti fa ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì máa ń yanjú. Ohun kejì ni pé kí orí ọmú tí wọ́n lẹ̀ má gbà. Sìgá, shisha àti vape ni ọ̀tá rẹ̀, torí nikotíìnì a máa fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì dé, kíkú ló máa kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ ní. Bẹ́ ẹ bá ń mu ún, òní ni kẹ́ ẹ jáwọ́. Nínú gbogbo ohun tó ń bà yín lẹ́rù, èyí nìkan ló wà lọ́wọ́ yín pátápátá.

Àpá tó ń wú

*Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lu etí, ó wú títí ó fi tó àgbálùmọ̀. Èmi náà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ àyà. Abẹ gan-an ò bà mí lẹ́rù bí àpá rẹ̀. AS ni jẹ́nótáìpù mi, ṣé ìyẹn náà kàn án? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds*

AS kì í dí iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS ní Nàìjíríà. Ẹ ṣáà rí i pé ó wà nínú ìwé, kí wọ́n má jẹ́ kí òtútù mú yín, kí omi sì tó lára yín. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: dókítà ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ bá oníṣẹ́ abẹ jókòó ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n á kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Bí ẹ ò bá mọ jẹ́nótáìpù yín, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má rò pé wọ́n ti ṣe é.

Ẹ̀rù àpá tó ń bà yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Keloid máa ń wọ́pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú, ó máa ń rìn nínú ìdílé, àárín àyà sì wà lára ibi tó fẹ́ràn jù. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àpá tó ga ni keloid. Àpá tó bá wú sínú ojú ọgbẹ́ nìkan sábà máa ń lọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá yá. Keloid ní tirẹ̀ máa ń kọjá ojú ọgbẹ́, á wọ awọ tí wọn ò gé, ó sì lè tó oṣù mélòó kan kó tó yọjú. Ẹ wo ara yín kẹ́ ẹ tó lọ: ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára lápá, ibi tẹ́ ẹ ti lu etí, ibi tí ìléròrò ti jinná sí. Ẹ ya fọ́tò wọn, kẹ́ ẹ sì fi han oníṣẹ́ abẹ. Ẹ bi í bóyá ìlà méjèèjì máa pàdé láàárín àyà. Bí ara bá gbà á, kó fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀, torí egungun àárín àyà ni awọ ti máa ń fà jù, fífà yẹn sì ni keloid ń wá.

Bí ọgbẹ́ bá ti pa dé pátápátá, tí èépá ti já, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ silicone, rọ́bà pẹlẹbẹ tó rọ̀, mọ́ ọn. Ó kéré tán kó wà lára fún wákàtí 12 lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ máa fọ awọ abẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè sú èéwo wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀. Bí àpá bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún, tó ń le, tó ń ga, ẹ má dúró kó pé ọdún. Abẹ́rẹ́ triamcinolone tí wọ́n ń gún sínú àpá fúnra rẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tó bá ṣì kéré. Bẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n kàn gé keloid kúrò láìsí ìtọ́jú míì lẹ́yìn rẹ̀, ó sábà máa ń padà wá, ó tiẹ̀ lè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣì wà tí kò yẹ kó bá yín lójijì: orí ọmú tí wọ́n lẹ̀ máa ń dúdú, á sé èépá, á sì lè já sílẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ kó di pé ó funfun tótòtó. Kò túmọ̀ sí pé ó ti kú. Lára awọ dúdú, àwọ̀ náà máa ń padà díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Bí kò bá padà tán, àwọn tó ń fín ara lè fi àwọ̀ kún un.

Mo máa ń dákú bí mo bá rí abẹ́rẹ́

*Trans obìnrin ni mí. Wọ́n fẹ́ ṣe vaginoplasty fún mi, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń ṣe ojú ara obìnrin. Ìrora ò bà mí lẹ́rù, mo ti gbà á. Àmọ́ bí mo bá rí abẹ́rẹ́, òòyì á kọ́ mi, ilẹ̀ ni mo máa bá ara mi. Ojú ń tì mí láti sọ fún wọn. — Aládùn, Manchester*

Aládùn, ẹ sọ fún wọn. Wọ́n ń rí i lójoojúmọ́, ó sì sàn kí wọ́n ti tẹ́ yín sílẹ̀ ju kẹ́ ẹ fi orí gbá tábìlì lọ. Òòyì yín kì í ṣe ojo. Àwọn tí abẹ́rẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ń bà lẹ́rù báyìí, ìfúnpá wọn máa ń kọ́kọ́ ròkè, á wá já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní dé ọpọlọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí «mí kanlẹ̀, dẹ ara» kì í fi í ṣiṣẹ́ fún yín: dídẹ ara lè jẹ́ kí ìfúnpá lọlẹ̀ sí i. Òdìkejì rẹ̀ lẹ máa ṣe. Lars-Göran Öst, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Sweden, ló ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ kí ọ̀nà yìí gbajúmọ̀ láwọn ọdún 1980. Ẹ jókòó, ẹ fún iṣan itan, ìdí, ikùn àti apá pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, títí ojú yín á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ tú u sílẹ̀ fún 20 sí 30, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ara rọ̀ jọ̀ọ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́ nílé kó tó di ọjọ́ abẹ́rẹ́, kó ti mọ́ ara lára. Lọ́jọ́ náà, apá tí wọ́n fẹ́ gún nìkan lẹ máa jẹ́ kó rọ̀, kẹ́ ẹ fún ìyókù pọ̀.

Ẹ fi ìwòran kún un díẹ̀díẹ̀: àwòrán abẹ́rẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà fídíò, lẹ́yìn náà síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má bọ́ sórí èyí tó kàn títí tí èyí tó wà nílẹ̀ á fi sú yín. Bó bá le jù fún yín láti dá ṣe, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fúnra yín lọ́dọ̀ NHS Talking Therapies, ètò ìtọ́jú ọkàn ti NHS, láìkọ́kọ́ rí GP (dókítà àdúgbò yín).

Ní ti gígún gan-an, ẹ béèrè fún EMLA, ìpara tó ń mú kí awọ kú. Wọ́n á fi pa ẹ̀yìn ọwọ́, wọ́n á bò ó fún wákàtí kan, awọ á kú tipiri. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ní àìsàn G6PD (àìtó èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀), tó pọ̀ láàárín wa, ẹ sọ fún wọn: ọ̀kan nínú oògùn inú EMLA kò bára irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu, ìpara míì, irú bí Ametop, ni kí wọ́n lò. Ẹ tún béèrè iye abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ lápapọ̀, torí èyí téèyàn ò mọ̀ ló máa ń dẹ́rù bani jù. Ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, rọ́bà ẹ̀yìn ọwọ́, àti abẹ́rẹ́ kékeré tí wọ́n lè máa gún síkùn lójúmọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì. Rọ́bà ìtọ̀ àti aṣọ tí wọ́n máa ń kì sójú ara tuntun fún bí ọjọ́ márùn-ún kò kan abẹ́rẹ́. Ẹ sì bi wọ́n bóyá kẹ́ ẹ dá estrogen, homonu obìnrin, dúró ṣáájú. Ọsibítù kan ń ní kí wọ́n dá a dúró, òmíràn ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ má dá a dúró lórí ohun tí ọ̀rẹ́ sọ.

Kí ni kí n sè fún un?

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi fẹ́ lọ gé ọmú méjèèjì. Mo ti sunkún, mo ti gbàdúrà, ó ní òun máa ṣe é, mo sì ti gbà pé èmi ni màá wà níbẹ̀. Kí ni kí n sè? Ṣé mo lè se àgbo fún un kí ara rẹ̀ lè tètè kó? — Ìyá Ọlọ́mọ, Dagenham*

Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbà láti lọ. Ọ̀pọ̀ ọsibítù kì í jẹ́ kéèyàn lọ sílé láìsí àgbàlagbà tó máa wà pẹ̀lú rẹ̀ fún wákàtí 24, àwọn kan tiẹ̀ máa ń fagi lé iṣẹ́ abẹ nítorí ẹ̀. Orúkọ tó ní kí wọ́n máa pe òun ni kẹ́ ẹ pè é níwájú nọ́ọ̀sì. Bí ẹnu yín ò bá tíì mọ́ ọn, «ọmọ mi» náà tó.

Àgbo kọ́ o, Màmá. Ata ilẹ̀ àti aáyù tó pọ̀ nínú rẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì, ọtí inú òmíràn ń bá oògùn oorun àti oògùn ìrora jà, a ò sì mọ bí àwọn ewé yòókù ṣe máa ṣe pẹ̀lú oògùn tí wọ́n fún un. Kó dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó má sì padà sídìí rẹ̀ títí dókítà á fi ní kó máa lò ó. Bó bá ń mu ún lọ́wọ́, kó gbé ìgò náà dání lọ síbi àyẹ̀wò. Ata ilẹ̀ àti aáyù tó wà nínú ọbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn.

Codeine tí wọ́n sábà máa ń fúnni fún ìrora a máa dí ìgbẹ́, bó bá sì ń tiraka láti yàgbẹ́, ọgbẹ́ àyà ló máa fà á. Nítorí náà ẹ̀wà, ewédú, ìbẹ́pẹ, ọsàn, àti omi púpọ̀. Ẹja, ẹyin àti ẹran fún ọgbẹ́. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má fi òrí tàbí àdí pa ojú ọgbẹ́ kó tó pa dé. Ẹ gbé ife, abọ́ àti fóònù sí ibi tí kò ní gbọ́wọ́ sókè kó tó mú un, torí ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá èjìká fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kò sì gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò ọbẹ̀. Bí wọ́n bá fi rọ́bà tó ń fa omi ọgbẹ́ sí i lára, ẹ máa kọ iye omi náà àti àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó yẹ kó máa dín kù, kó sì máa ti pupa bọ́ sí àwọ̀ ìyeyè. Bó bá pupa fòò lójijì tó sì ń yára kún, ẹ pe wọ́ọ̀dù.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó 38, tàbí tí ojú ọgbẹ́ ń rùn tó ń ṣọyún, ẹ pe wọ́ọ̀dù náà, tàbí 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn NHS, bí wọn ò bá gbé e. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá wú tó ń ro ó, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà gan-an, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Bí èémí bá gé e, tí àyà ń gún un bó ṣe ń mí tàbí tó wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni, ẹ sì sọ fún wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ àti ọjọ́ tó ṣe é.